Wọ́n Ní Kí Kàmórù Má Dọ̀bálẹ̀ ní Ṣájà

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń lọ pàdé àwọn tó ń ti Dùbáì bọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, tí ẹ ń wo wúrà ọrùn wọn, tí ẹ ń mi orí, ẹ fún èmi náà láyè kí n sọ tèmi. Mo lọ, mo bọ̀, mi ò ra wúrà. Ìbínú ni mo gbé bọ̀, kò sì tíì tán nínú mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹ bá rí i pé ohùn mi le, ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ kà á tán ná.

Ọmọ ilé-ìwé ni wá nígbà náà, àwa mẹ́ta, ní ìlú Púnè ní ilẹ̀ Íńdíà. Èmi Sùlé rèé, Débọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àwàdà ni ìkejì, Kàmórù ni ìkẹta. Bí àwọn ẹgbẹ́ wa yòókù bá fẹ́ gbádùn òpin ọ̀sẹ̀, etí òkun ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Àwa ní rárá o, Dùbáì là ń lọ. Débọ̀ ń lọ wo ìlú. Èmi ń lọ nítorí pé wọn ò lè lọ lẹ́yìn mi. Àmọ́ Kàmórù ò lọ ṣe fàájì ní tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ bẹ̀.

Bàbá Kàmórù ti di olóògbé. Bọ̀dá Ràṣídì, àkọ́bí ilé wọn, tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ní Ṣájà, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùbáì, ló dúró bíi bàbá fún un. Kàmórù wá rí ọmọbìnrin kan ní Múṣín, Sìdí lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ra wọn dénú. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe ni pé àbúrò bàbá wọn ní Èkó ló kọ́kọ́ sọ fún. Kó tó kọ lẹ́tà sí Ṣájà, oníṣòwò kan ti dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń kí i kú oríire ìyàwó tuntun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí àkọ́bí gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ará òde! Bọ̀dá Ràṣídì ní kí Kàmórù lọ wá bàbá mìíràn tó máa bá a gba ìyàwó. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ará ilé Sìdí, àwọn náà ní bí àkọ́bí bá wà láyé tí kò yọjú, àwọn ò ní fa ọmọ àwọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi kí Bọ̀dá Ràṣídì gbà láti dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìyàwó. Ohun tí Kàmórù ń bá lọ sí Dùbáì nìyẹn, tó fi jẹ́ pé nínú bàálù, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un, Débọ̀ ló jẹ ẹ́.

*Dídé*

Orí ìlà ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. A tò sí pápákọ̀ òfuurufú bí ọmọlúàbí, ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dúró síwájú mi, kò tiẹ̀ wojú mi. Èrò lásán bíi tiwa ni. Mo ní, "Excuse me, sir, there is a line." Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Africa?"

Mo ní Nàìjíríà ni.

"Ah. Africa," ló wí, ó sì kẹ́yìn sí mi.

Débọ̀ fà mí láṣọ. "Sùlé, jẹ́ kó máa lọ jàre. Bóyá ilé rẹ̀ ló ń jó."

Ìyẹn ṣì kéré. A wọ takisí, mo sì kí awakọ̀ ní ìkíni tí Mùsùlùmí fi ń kí Mùsùlùmí. Ó wò mí nínú dígí, ó ní ṣé Mùsùlùmí ni mí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé Mùsùlùmí òótọ́? Kí n tó dáhùn, ó ní kí n ka Fátíà kí òun gbọ́.

Ẹ gbọ́ mi o. Àlùfáà ni bàbá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn. Wàláà ni mo fi ń ṣeré kí n tó mọ ABD. Èmi ni wọ́n wá jókòó sẹ́yìn takisí, tí wọ́n ní kí n ka Fátíà bí ẹni tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò! Mo kà á o, mo kà á dáadáa, nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe kà á, kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Nígbà tí mo parí, Débọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà ló ṣe àmín tó lágbára jù. Awakọ̀ mi orí, ó ní, "Good, good. But your Arabic, not clear." Mo bi í bóyá Lárúbáwá ni òun fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, Pẹṣáwà ní Pákísítàánì ni wọ́n ti bí òun. Ẹ ò rí nǹkan!

*Hor Al Anz*

Ọ̀dọ̀ Ìyá Wàsíù la dé sí. Ará àdúgbò Kàmórù ni wọ́n ní Múṣín, wọ́n máa ń wá ra ọjà ní Déírà, àdúgbò ọjà ní Dùbáì, kó sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó, àwọn àti oníṣòwò bíi mélòó kan sì jọ gba fúláàtì kan ní Hor Al Anz, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àlejò pọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, a dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ dìde o, àwọn ọkọ mi. Ẹ ò ní kú léwe. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun, ẹ ti rù jù! Ṣé wọn kì í se oúnjẹ ní India ni?"

Ẹ̀bà ni, àti ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja ńlá kan tí wọ́n rà lọ́jà ẹja Déírà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irú tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn, Múṣín ló ti wá. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbóòórùn irú kẹ́yìn, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Òkèlè kejì ni mo mú lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé kanlẹ̀kùn. Ó ní àwọn ará òkè ń ṣàròyé, wọ́n ní òórùn kan ń jáde láti ibí.

"Which kind smell?" Ìyá Wàsíù dìde tàwọn ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Tell them make dem close window! Tùràrí tí wọ́n ń jó láti àárọ̀ ńkọ́, tó ń há mi lọ́fun, I complain? Did I complain? Yalla, go and tell them!"

Ọkùnrin náà lọ. Inú mi dùn díẹ̀.

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n kọjú sí Kàmórù. "Kàmórù, ẹ̀gbọ́n ẹ kì í ṣe Ràṣídì tó o mọ̀ mọ́ o. Ó ti yàtọ̀. Kì í bá wa ṣeré mọ́, ó ní àwa ará Nàìjíríà ń pariwo jù. But go and beg him. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà pé kó tún ìlú ṣe, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹ̀gbọ́n ẹni."

*Ṣájà*

Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ni òpin ọ̀sẹ̀ tiwọn nígbà náà, kì í ṣe Sátidé àti Sọ́ńdè bíi tiwa. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kàmórù ṣí àpótí rẹ̀, ó mú bùbá àti ṣòkòtò funfun jáde, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dé fìlà. Aṣọ ẹ̀bẹ̀ ni. Kò wọ̀ ọ́ rí láti ìgbà tó ti gbé e dé Púnè.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì ní Ṣájà, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, wọ́n to orí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ bí ẹni to iṣu, yanrìn ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti mu òróró dúdú yó. Bọ̀dá Ràṣídì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn pẹ̀lú àgbàlagbà méjì ará ibẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Jalabíà funfun ló wà lọ́rùn Bọ̀dá Ràṣídì, irùngbọ̀n wọn sì kún dáadáa. Bí Kàmórù ṣe rí wọn báyìí, kò ronú, kò wolẹ̀, ó nà gbalaja sórí òróró yẹn.

Èmi àti Débọ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í dá dọ̀bálẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ló ń bá a nà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Kàmórù wí láti ilẹ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dákun."

Bọ̀dá Ràṣídì fò sókè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sílẹ̀. "Astaghfirullah! Get up! Get up! This is haram! Khalas, get up!"

Òyìnbó tí wọ́n fi Lárúbáwá là ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ fi etí sí i. Ọmọ ìyá wọn wà nílẹ̀ níwájú wọn, Òyìnbó ni wọ́n fi dá a lóhùn, kí àwọn tó jókòó tì wọ́n lè gbọ́ pé àwọn ò lọ́wọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà dìde, ó di Kàmórù lápá mú, ó rọra gbé e dúró, ó ń fi áńkáṣíìfù nu òróró àyà rẹ̀. "No, my son," ló ń wí. "Only for God. Only for God." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohùn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ta ló bi í? Ta ló sọ fún un pé a ń sin Bọ̀dá Ràṣídì? Èèyàn tí ò mọ orúkọ wa, tí ò mọ ìlú wa, ló wá ń kọ́ wa ní ẹni tí a ó sìn!

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ìkíni ni, kì í ṣe ìjọsìn. Ẹ ṣáà mọ̀."

"Sùlé, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀," wọ́n dá mi lóhùn, Yorùbá ni wàyí, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí a bá nílé ni. Kò yẹ ká máa ṣe é."

"Bàbá mi àgbà ló kọ́ ìdajì Ìsẹ́yìn ní kéwú, àwa ọmọ-ọmọ wọn ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn lárààárọ̀. Ṣé àwọn náà ò mọ Ọlọ́run ni?"

"Àwọn àgbà wa ò mọ̀. Allah á foríjì wọ́n."

Wọn ò mọ̀! Bàbá tó sùn lórí ẹní, tí tàsíbáà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí ẹ̀mí fi bọ́, kò mọ̀! Bí kì í bá ṣe ti Kàmórù tó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ìbá má lè kó o mọ́.

Bọ̀dá Ràṣídì fún wa ní àga. Wọ́n bu tíì tó dùn bí oyin, wọ́n gbé èso déètì síwájú wa, wọ́n ránṣẹ́ ra ìrẹsì ẹran. N kò lè sọ pé wọn ò ṣe wá lálejò. Wọ́n bọ Kàmórù lọ́wọ́, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì ẹ́. Khalas, ó ti parí. Ìwé ẹ ńkọ́?"

Kàmórù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtọrọ ìyàwó mi. Ṣé ẹ máa wá gbà á fún mi?"

"Inshallah."

Èmi náà ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnnì kan tó wà lẹ́yìn Kàmórù ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì yára bèèrè bóyá a fẹ́ tíì sí i.

*Lórí omi*

Débọ̀ ní a ò lè wá sí Dùbáì kí á máa sunkún nílé, ó kó wa lọ sí Déírà nírọ̀lẹ́. Mo gbà pé ìlú náà mọ́. Ilẹ̀ títì wọn, èèyàn lè tẹ́ ẹní jẹun lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà àwọn ọlọ́jà. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń ké pè wá: "Nigeria! My brother! Báwo ni! Wholesale, good price!" Ọ̀kan tiẹ̀ ti gbé àga fún mi. Ó ní páálí mélòó ni mo fẹ́. Mo ní ọmọ ilé-ìwé ni wá, à ń wo ìlú ni.

"Student?" Ó gba àga lábẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Khalas, khalas. Move, customer coming."

A wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èrò kọjá odò tó la ìlú náà já. Afẹ́fẹ́ dára, iná ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn sórí omi, Débọ̀ ń ya fọ́tò. Kàmórù jókòó, ó ń wo àbààwọ́n òróró tó wà láyà bùbá rẹ̀. Ó kọ̀, kò pààrọ̀ aṣọ náà.

"Sùlé, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dárí jì mí."

Mo ní ṣé kò gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ni.

"Wọn ò bú mi," ló dá mi lóhùn. "Wọn ò bú mi rárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí a bá ṣẹ àgbà nílé, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó sì wà níbẹ̀. Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lórí wa: ohun tí a ṣe, èyí tí a ṣe lọ́dún tó kọjá, oore tí wọ́n ti ṣe wá tí a gbàgbé. Wọ́n á bú wa débi tí inú wọn á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fọwọ́ kan wa lẹ́yìn, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á ní ká dìde. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó tán. Ẹni tí wọ́n gbé dúró kíákíá, tí wọ́n bu tíì fún, tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ bí oníbàárà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀ òun? Ìbínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nínú wọn lódindi. Ọ̀tunla la ó padà sí Púnè, Sìdí sì ń retí èsì ní Múṣín.

*Fóònù*

Ìyá Wàsíù gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n pòṣé. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí sef. Ṣé Ràṣídì ò ní ìyá ni?"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n kó wa lọ sí ilé ìpe fóònù kan ní Déírà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Ràṣídì pé màmá wọn fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́ ni. Wọ́n ti pe ilé lọ́yà kan tó ní fóònù ládùúgbò wọn ní Múṣín láti àárọ̀, pé kí wọ́n bá wọn pe Màmá wá dúró. Àwọn èrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ará Íńdíà, ará Pákísítàánì, ará Fìlípíìnì, kálukú ń retí kí wọ́n pe orúkọ ìlú rẹ̀. Bọ̀dá Ràṣídì dé, jalabíà wọn funfun báláú, wọ́n kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọ yàrá gíláàsì kékeré tí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀.

"Hello? Hello? Màámi?"

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn gbọ́dọ̀ ròkè tó. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ràṣí! Ràṣí ọmọ mi!"

Bọ̀dá Ràṣídì bá dọ̀bálẹ̀. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Yàrá gíláàsì yẹn kò gba èèyàn tó nà, ni ìbàdí wọn àti ẹsẹ̀ wọn bá já síta láàárín èrò, fóònù ṣì wà létí wọn, wáyà rẹ̀ nà tán. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màámi. Ẹ kú àárò wa."

Ariwo ta. Àwọn èrò rò pé ó dákú ni. Ọ̀kan sáré bu omi, ọ̀kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ, ọ̀kan ń pè, "Haji! Haji! Doctor?" Àwọn méjì kan lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi wò ó! Ẹni tí mo ti ń bínú sí láti àná, òun náà ni mo tún wá ń bínú nítorí rẹ̀. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "What is funny? Na him mama! He is greeting his mother! You no get mama?" Ẹ̀rín dá. Débọ̀ gba omi lọ́wọ́ ẹni tó bù ú wá, ó mu ún.

Màmá ò mọ ohunkóhun nínú gbogbo èyí. "Ràṣí, wọ́n ní o lé àbúrò ẹ. Nígbà tí bàbá yín ń kú lọ, ọwọ́ ta ni wọ́n fà á lé?"

"Ọwọ́ mi ni, Màámi. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà náà ni Kàmórù rìn lọ, ó lọ nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àyà sí ilẹ̀, nínú bùbá olóròóró yẹn. Bọ̀dá Ràṣídì yíjú, wọ́n rí i. Ojú wọn pọ́n. Ohun tó sì jáde lẹ́nu wọn, Yorùbá Múṣín ni, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀, wọn ò wo ẹni tó ń gbọ́.

"Aláìmoore! Aláìlójútì! Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ lọ sílé kéwú lọ́jọ́ òjò, tí mo yọ ẹran lábọ́ ara mi fún ẹ! Ẹnu oníṣòwò ni mo ti gbọ́ pé ò ń gbéyàwó! Ó ń kí mi kú oríire, mo ń ya ẹnu sílẹ̀ bí ọ̀bọ! Ṣé mo ti kú ni, Kàmórù? Dá mi lóhùn! Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bú mi."

Wọ́n sì bú u. Wọ́n bú u dé orí bàtà kan tó sọnù ní ìgbà kékeré wọn. Omi ń dà lójú Kàmórù, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ohùn Bọ̀dá Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ tí kò di fóònù mú, wọ́n gbé e lé ẹ̀yìn àbúrò wọn.

"Èmi ni n ó gba ìyàwó ẹ. Ta ló tún kù tó lè jókòó sí àyè bàbá wa?"

Màmá ti gbọ́ ọ. Wọ́n ṣàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àmín fúnra wọn, wọ́n tún mí kanlẹ̀ débi tí fóònù fi dún wáá. Láti Múṣín, níbi tí wọn ò ti lè rí nǹkan kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan fún wọn, a gbọ́ ohùn wọn.

"Ó ti tó. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì."